Orúkọ Àjàgbé Nínú Ìbà

Ẹ má dá Abigail Fọláránmi lóhùn bó bá sọ fún yín pé òun fẹ́ràn orin láti kékeré. Irọ́ ńlá ni. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ìjọ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, kì í jẹ́ kí wọ́n tan rédíò nínú ilé àfi tó bá jẹ́ ìròyìn, oníròyìn ò sì ní tíì dágbére tán kí wọ́n tó pa á. Orin ayé, bàbá á ní, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Abigail gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ pátápátá. Ó gbé e wá sí Èkó, ó gbé e wọ ilé ọkọ ní Àjàngbádì, ó fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, ó sì fi ń halẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama tó ń kọ́ ní Yorùbá ní Okokomáíkò. Tó bá di ká tú oríkì palẹ̀, ká sọ ìdí tí baba ńlá ẹnì kan fi ń jẹ́ orúkọ kan, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ rọ́ obìnrin yìí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n orin onígìtá? Láéláé! Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa kí etí rẹ̀ tó gbọ́ orúkọ Àsánì Owólabí, ẹni tó ti ń kọrin ní Ọ̀jọ́ yìí kan náà láti ìgbà tí Abigail ṣì ń kọ́ áà-bíì-dì.

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ gba aṣọ tí wọ́n ní ó ti parí, aṣọ ò sì tíì parí, ẹ ṣáà mọ àwọn aránṣọ wa. Ó jókòó, ó fajú ro. Orin kan ń jáde látinú sípíkà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ: gìtá kan ṣoṣo, ohùn ọkùnrin tó rẹlẹ̀, àti ohùn obìnrin kan tó ń gbè é lẹ́yìn. Ọkùnrin náà ń sọ pé:

Mo kọ́lé s'étí omi, omi ní òun fẹ́ yàrá kan,
Mo ní kó wọlé kó jókòó, kó má ṣáà da ilé rú.

Abigail gbàgbé aṣọ. Ó gbàgbé pé òun ń bínú. "Ta nìyẹn?" ló bi aránṣọ. Ìyẹn wò ó bíi ẹni tó béèrè pé kí ni wọ́n ń pè ní iyọ̀. "Háà, Mà, ẹ ò mọ Bàbá Àsánì? Wọ́n ṣì wà láyé o, níbí ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá omi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú wọn, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́." Ó da gbogbo orin Bàbá Àsánì tó ní sórí fóònù Abigail, bóyá kó lè fi bẹ̀ ẹ́ nítorí aṣọ tí kò parí. Bí ìyá ìjọ ṣe di ẹrú orin ayé nìyẹn.

Ó ń gbọ́ ọ tó bá ń dáná. Ó ń gbọ́ ọ tó bá ń lọ aṣọ. Ọkọ rẹ̀, Ezekiel, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, yọjú sí kíṣìnì lọ́jọ́ kan, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó dúró, ṣíbí lọ́wọ́, omijé lójú, ọbẹ̀ ń jóná. "Mọ́mì Dámiláre," ó ní, "ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti ṣe ọ́?" Abigail ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ẹsẹ yìí parí ná.

Ohun tó ń dùn mọ́ ọn jù ni pé kó tú orin náà. Orin ilé etí omi yẹn, ó ní kì í ṣe omi ni Bàbá ń bá wí rárá, ìbínú ni. Ìbínú ló wá tọrọ yàrá kan ṣoṣo lọ́dọ̀ ènìyàn, o ní kó máa bọ̀, kó o tó ṣẹ́jú, ó ti gba pálọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní "Sinmi Díẹ̀," tí gbogbo ayé fi ń rẹ ọmọdé lẹ́kún, ó ní orin ọkùnrin tó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ ni, torí nínú ẹsẹ kẹta, ẹni tí wọ́n ní kó sinmi yẹn ló gbé ọmọ dání. Àbí ẹ ti rí ọmọ ọwọ́ tó ń gbé ọmọ? Ó ń sọ ọ́ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi ní kó kúkú dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí wasáàpù. Ó dá a sílẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, á gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, á tú orin kan, á fi ránṣẹ́. Èèyàn ń wọlé síbẹ̀ bí ẹní ń wọ ilé ìyàwó. Àwọn ará Iba wà níbẹ̀, àwọn ará bárékè wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́jà Àlàbá wà níbẹ̀. Abigail bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ohùn ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: orí rẹ̀ wú.

Ó wá ilé Bàbá Àsánì lọ sí Ọ̀jọ́. Níbẹ̀ ló ti pàdé Alájà Àwẹ̀ró, ìyàwó Bàbá, arúgbó tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó sì ń rìn kánmọ́kánmọ́. Bí Alájà ṣe la ẹnu kí i káàbọ̀, Abigail mọ ohùn náà lójú ẹsẹ̀. Àwọn ni obìnrin tó ń gbe orin! Nínú gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù Bàbá, àwọn nìkan ni ègbè. Ó dọ̀bálẹ̀ tán kó tó rántí pé obìnrin ni òun, ìkúnlẹ̀ ló yẹ òun. Alájà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú.

Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá, apá ọ̀tún wọn ti kú, ẹnu ti wọ́. Wọn ò lè sọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ ohun gbogbo, ọwọ́ òsì wọn sì ń ṣiṣẹ́. Abigail tú orin kan fún wọn níbẹ̀. Bàbá tẹjú mọ́ ọn títí tó fi parí, wọ́n wá fi ọwọ́ òsì gbá bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì. "Ó tọ́ nìyẹn," Alájà ní. "Tí kò bá tọ́, wọn ì bá ti yí ojú sí ògiri." Láti ọjọ́ yẹn, Abigail di ọmọ ilé. Alájà ò mọ̀wé, nítorí náà, ohùn tí Abigail ń fi ránṣẹ́ ni ìgbádùn wọn. Abigail fúnra rẹ̀ ló fi nọ́ńbà Alájà sínú ẹgbẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ó wá ku ohun tó fa wàhálà. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn olórin wa ṣe ń ṣe. Wọn kì í ṣàdédé bẹ́ sínú orin. Wọ́n á kọ́kọ́ júbà: ìbà bàbá tó bí mi, ìbà ìyá tó wò mí, ìbà ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Nínú orin Bàbá Àsánì, àwọn tó ti kú nìkan ni wọ́n ń pè nínú ìbà. Tí orin bá wá ń parí lọ, wọ́n á kí àwọn alààyè: ìyàwó, ọmọ, ọ̀rẹ́. Òkú níwájú, alààyè lẹ́yìn, wọn ò yà kúrò nínú ètò yìí rí. Nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, ìparí ni wọ́n ti ń kí àwọn ọmọ méjèèjì tí Alájà bí fún wọn, Àjàgbé tó jẹ́ àkọ́bí, àti Fáòsíátù àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kan báyìí tí wọ́n ń pè ní "Ọ̀nà Omi," Abigail dé ìparí, Fáòsíátù nìkan ló gbọ́. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Yéè! Ibẹ̀ ni Àjàgbé wà, lẹ́yìn bàbá, lẹ́yìn ìyá, lẹ́yìn ọ̀gá:

Ìbà Àjàgbé, ọmọ tó gb'ojú omi lọ,
Ìwọ tó ṣíwájú mi, fọ̀nà hàn mí.

Ohùn obìnrin sì dáhùn: Ìbà o, ìbà yín, kí ọ̀nà yẹ wá.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Bákan náà ni. Àjàgbé ò padà sí ìparí mọ́ láé. Bàbá wo ló ń júbà ọmọ tó bí? Ọmọ yìí ti kú, orí omi ló kú sí, bàbá rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, etí ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́.

Ṣé ó yẹ kó kọ́kọ́ bi Alájà? Ó rò ó. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi ìyá nípa ọmọ tó kú? Wọn ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì. Nínú gbogbo àbẹ̀wò rẹ̀, Alájà ò dárúkọ Àjàgbé rí, Abigail sì ka ìyẹn sí ọ̀fọ̀ tí kò tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Alájà fúnra wọn ló gbè é! Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, tó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn ìbà, ṣé ó wá lè sọ pé òun ò mọ ẹni tí wọ́n ń júbà fún ni? Ohun tó rò nìyẹn. Ó gba ohùn sílẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Ó tú u dáadáa, ó tú u tó fi ń wu òun alára. "Ẹ̀yin olólùfẹ́ orin, Àjàgbé Owólabí ti kú, ibi tí bàbá rẹ̀ sin ín sí ni inú ìbà." Ó fi ránṣẹ́, ó lọ fọ aṣọ.

Ó ń sá aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Fáòsíátù ni, ọmọ Alájà tó ń ta fáànù ní Àlàbá.

"Ìyá Dámiláre, ṣé ẹ̀yin ni mo gbọ́ ohùn yín yìí?"

"Èmi ni, àbúrò mi. Ṣé o gbádùn ẹ̀?"

"Gbádùn kí ni?" Fáòsíátù figbe ta. "Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú?"

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Abigail. "Orin... orin ni," ó ní.

"Orin! Ẹ gbọ́ orin, ẹ pa ọmọ ọlọ́mọ! Gàbọ́n ni ẹ̀gbọ́n mi wà! Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ lọ. Màmá ń retí ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ kékeré. Wọn kì í sọ ọ́ fún àlejò ni, torí pé àwọn èèyàn ń fi bú wọn pé ọmọ gbàgbé ìyá. Yàrá ẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, wọ́n ń gbá a! Ìyá Dámiláre, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ lára Màmá. Tí wọ́n bá gbọ́ ohùn yìí, ẹ ti pa wọ́n nìyẹn. Ẹ ti pa wọ́n!"

Abigail sáré pa ohùn náà rẹ́ nínú ẹgbẹ́, ìgbà tó pọ̀ ló tẹ ibi tí kò yẹ kó tó rí i pa. "Mo ti pa á rẹ́," ó ní. "Kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ ti pa á rẹ́ kẹ̀! Wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn káàkiri. Àǹtí mi ní Badagry ti fi ránṣẹ́ sí Màmá tààrà, ó ní kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọmọ wọn. Mo ti ń pe fóònù Màmá, wọn ò gbé e. Ẹ lọ síbẹ̀! Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn jù. Ẹ gba fóònù yẹn lọ́wọ́ wọn. Èmi náà ń bọ̀."

Abigail ò wọ bàtà tó bá ara wọn mu. Ó jáde pẹ̀lú aṣọ ilé, ó já wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ní kí onítọ̀hún fò. "Mà, ihò pọ̀ lójú ọ̀nà," ọlọ́kẹ̀kẹ́ ní. "Wọ inú ihò náà!" Abigail fèsì. Kò gbàdúrà tó ní orí àti ìdí. "Jésù, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tíì gbọ́ ọ, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tíì gbọ́ ọ," ìyẹn nìkan ló ń wí ṣáá. Ojú ń tì í, ẹ̀rù ń bà á, inú tún ń bí i sí Bàbá Àsánì. Irú ọkùnrin wo ló ń sọ ikú ọmọ rẹ̀ fún gìtá, tí kò sọ ọ́ fún ìyá ọmọ? Tàbí kẹ̀, bóyá òun ló ṣì í tú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé òun ṣì í tú. Ó sàn kí òun di òmùgọ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ju kí òun jẹ́ olóòótọ́.

Ó bá Alájà nínú yàrá, wọ́n ń fi ṣíbí fún Bàbá ní ògì. Ara Alájà le koko. Ojú wọn dán.

"Háà, Ìyá Dámiláre, o ò sọ pé ò ń bọ̀! Kí ló ṣe bàtà ẹ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ohùn ẹ dé lónìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jù. Àǹtí Fáòsíátù ní Badagry fi ránṣẹ́, ẹlòmíì náà fi ránṣẹ́. Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mo rí i pé 'Ọ̀nà Omi' lo fẹ́ tú. Mo ní kí n dá a dúró, kí Bàbá jẹun tán ká jọ gbọ́ ọ. Orin ọmọ mi nìyẹn."

Abigail rí fóònù náà lójú fèrèsé. Ìṣísẹ̀ mélòó kan péré ni. "Màmá," ó ní, "ẹ jẹ́ n bá yín wò ó. Ohùn yẹn ò dáa, mo fẹ́ ṣe òmíì. Ibi kan wà tí mo ti ṣìnà."

"Ìwọ? Kò burú, mú un."

Ó mú un. Ẹ wo bó ti rọrùn tó. Ó rí ohùn ara rẹ̀ níbẹ̀, ó fi ìka lé e kó lè pa á rẹ́. Ìgbà náà ni nǹkan mú un lọ́rùn ọwọ́. Ọwọ́ òsì Bàbá Àsánì ni. Ó le, ó gbóná, ó dì í mú gírígírí.

Abigail wo ojú wọn. Bàbá ń wo fóònù. Wọ́n gbé ojú kúrò lára fóònù, wọ́n gbé e lọ sára ìyàwó wọn, wọ́n tún gbé e padà. Wọ́n fi ọwọ́ gbá bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún di ọwọ́ Abigail mú. Ògì ń ṣàn ní àgbọ̀n wọn. Fáòsíátù já wọlé lásìkò náà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìborí ti bọ́ sí èjìká.

"Ẹ ti pa á rẹ́?" ló kọ́kọ́ sọ. "Ìyá Dámiláre, ẹ pa á rẹ́!"

"Kí lẹ fẹ́ pa rẹ́?" Alájà béèrè. Wọ́n gbé abọ́ ògì sílẹ̀. "Fáòsíátù, kí lo sá wálé ṣe? Ta ló kú?"

Fáòsíátù na ọwọ́ láti já fóònù gbà, Abigail ò fún un. Kì í ṣe pé kò fẹ́. Ọwọ́ Bàbá ni kò jẹ́. Obìnrin tó ń tú orin fún gbogbo ayé wá dúró síbẹ̀, ó ń tú ìka ọwọ́ arúgbó. Ṣé wọ́n ní kó pa á rẹ́ ni, àbí wọ́n ní kó jẹ́ kó dún? Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bàbá," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé kí n pa á rẹ́?"

Bàbá Àsánì yí ojú sí ògiri.

"Ṣé kí Màmá gbọ́ ọ?"

Wọ́n yí ojú padà. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n nà án sí ìyàwó wọn, wọn ò gbé apá sílẹ̀ títí Alájà fi gbà á. Fáòsíátù ń sọ pé, "Màmá, ẹ má gbọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni." Alájà tẹ̀ ẹ́.

Ohùn Abigail jáde, ó dùn, ó mọ́, ó ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ó jọ ohùn ẹni tí kò bímọ rí. Ó sọ nípa òkú níwájú àti alààyè lẹ́yìn. Ó sọ nípa orúkọ tó kúrò ní ìparí. Ó fi orin sí i láàárín, gìtá dún, Bàbá tó ṣì lè sọ̀rọ̀ nígbà náà júbà ọmọ wọn, Alájà tí kò tíì darúgbó dáhùn pé kí ọ̀nà yẹ wá. Lẹ́yìn náà ló sọ gbólóhùn tó wù ú jù yẹn, èyí tó sọ ibi tí wọ́n sin Àjàgbé sí. Abigail fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Alájà ò ṣubú. Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo ọkọ wọn.

"Bàbá Àjàgbé," wọ́n ní, "ṣé ó ti kú?"

Ojú Bàbá kún, omi náà gba ẹ̀gbẹ́ imú lọ sínú etí, wọn ò sì lè nù ún. Ọwọ́ òsì gbéra díẹ̀, ó gbá bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì.

Fáòsíátù lọgun. Alájà ní kó dákẹ́. "Ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ni," wọ́n ní, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. "Mo pẹ́ ní ọsibítù. Mo délé, ẹ ní Àjàgbé ti wọkọ̀ lọ sí Gàbọ́n, pé kò lè dúró dè mí. Ẹ ní ó dé láyọ̀. Gbogbo ẹbí ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí ní kí ẹ má sọ ọ́ títí ara mi á fi yá, àbí? Ara mi yá, ẹ ò sọ ọ́. Àwọn àgbà yẹn kú tán, ẹ ò sọ ọ́." Wọ́n na ìka sí Bàbá. "Ẹ tún wá ń kọ ọ́ lórin. Mo bi yín nígbà náà pé kí ló dé tí ẹ ń júbà ọmọ, ẹ ní ó ti dọkùnrin, ẹ ní òun ló máa ṣíwájú yín débẹ̀, pé ẹ̀yin náà ń tẹ̀ lé e lọ kọrin ní Gàbọ́n. Inú mi dùn! Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, mo gbè é. Èmi! Ẹ wá jẹ́ kí n máa fi ẹnu ara mi júbà ọmọ tí mo bí!"

Bàbá ń wò wọ́n. Wọn ò yí ojú sí ògiri.

"Mo sì ń bínú sí i," Alájà ní. "Kò dágbére fún mi, kò wá wò mí. Mo ti ń bínú sí ọmọ mi láti ọjọ́ yẹn títí di àárọ̀ yìí. Mo ní tó bá dé, mi ò ní dá a lóhùn fún ọjọ́ mẹ́ta."

Abigail ń fà sẹ́yìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ó ti bà á jẹ́, ó ti bà á jẹ́ pátápátá. Ó fẹ́ wá ibi kan lọ, kó lọ sunkún, kó pa ẹgbẹ́ rẹ́, kó máà tún la ẹnu sọ̀rọ̀ orin mọ́ láyé.

"Níbo lò ń lọ?" Alájà béèrè.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Mo rò pé—"

"Má lọ." Alájà sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì lásán. Wọ́n tú ìborí, irun funfun ṣù sílẹ̀. Wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan. "Ìyá Dámiláre, kí mi."

Kò yé Abigail. Ó kúnlẹ̀, ó ń wò wọ́n.

"Ọmọ mi ló kú," Alájà ní. "Àkọ́bí mi. Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe ní Èkìtì nìyẹn, tí ọmọ á kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́, tí ẹ ó máa wò ó níran? Kò tíì sẹ́ni tó kí mi. Kí mi!"

Ẹkún gba Abigail lẹ́nu, síbẹ̀ ó sọ ọ́. "Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ẹ kú ọ̀rọ̀ Àjàgbé. Ọlọ́run á tù yín nínú, a ò ní rí irú ẹ̀ mọ́."

"Àmín," Alájà ní. Ìgbà náà ni ẹkún tó dé, ó dé láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó mì wọ́n tìtì, Fáòsíátù sì wó tì wọ́n nílẹ̀. Wọ́n sunkún títí àwọn ará ilé kejì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Nínú ẹkún yẹn náà ni Alájà ti gbé ọwọ́ sókè, wọ́n nà án sí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí bàbá ẹ̀ náà," wọ́n ní. "Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kí i."

Abigail fi orúnkún wọ́ dé etí bẹ́ẹ̀dì. Ó nu ojú Bàbá Àsánì fún wọn, ó di ọwọ́ òsì wọn mú, ó sì kí wọn.